Fáìlì Ìyàwó Bíríkìlà

Ọdún méjìlélógún ni Ìyá Fáìlì fi ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn náà. Kí o tó dárúkọ ara rẹ tán, káàdì rẹ ti dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì. Àfìgbà tí wọ́n kó gbogbo káàdì sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ tò ó bí igi: wọ́ọ̀dù ni ẹ̀ka ńlá, ọdún wà lábẹ́ wọ́ọ̀dù, dókítà wà lábẹ́ ọdún, orúkọ aláìsàn ló kẹ́yìn. Kò sí ibi tí èèyàn ti lè tẹ orúkọ nìkan kó sì rí ẹni tó ń wá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n gbé ìyàwó bíríkìlà kan dé. Ó ti bímọ sílé, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Nọ́ọ̀sì sáré wá sójú fèrèsé Ìyá Fáìlì.

“Ìyá, oògùn kan wà tí ara obìnrin yìí kì í gbà. Ọkọ rẹ̀ ní ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀ níbí rí, òun ò mọ orúkọ oògùn náà.”

Ìyá Fáìlì ṣí wọ́ọ̀dù aláboyún. Ó ṣí ọdún tó kọjá, ó ṣí dókítà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Kò sí. Bó ṣe ní kóun gba ọdún mìíràn, gbogbo ohun tó ti ṣí pa dé, ó di dandan kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi. Ó ṣi ibì kan tẹ̀, ó bá ara rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù ọmọdé.

Bíríkìlà dúró níwájú rẹ̀, sìmẹ́ǹtì ṣì wà léèékánná rẹ̀. “Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó kú.”

“Mò ń wá a, ọmọ mi.”

Nọ́ọ̀sì tún dé. “Dókítà ní òun ò lè dúró mọ́.”

Ìyá Fáìlì gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. “Kí ló gbé ìyàwó ẹ wá síbí nígbà yẹn?”

“Ó jábọ́ lórí àkàbà. Apá ẹ̀ ló kán.”

Wọ́ọ̀dù eegun! Ó ṣí i, ó gba ọdún méjì kọjá, orúkọ náà yọ. Ó ka orúkọ oògùn náà sókè, bí nọ́ọ̀sì ṣe gbọ́ ọ, ó fò lọ.

Abẹ́rẹ́ oògùn yẹn gan-an ti wọlé dé ìdajì kí wọ́n tó fà á yọ. Ojú obìnrin náà wú, mímí dogun fún wákàtí mẹ́ta, àmọ́ orí kó o yọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ilé ìwòsàn sọ fún Ìyá Fáìlì nípa kọ̀ǹpútà náà pé, “Ẹ máa mọ̀ ọ́n lò tó bá yá.”

“Ọ̀gá, èèyàn kì í ṣàìsàn ní wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo.”

Ọ̀gá ní òun á bá àwọn tó ṣe é sọ̀rọ̀. Títí di òní, a ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ìyá Fáìlì ra ìwé ńlá kan, ó ń fọwọ́ kọ orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀ka tí fáìlì rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà sínú ìwé náà. Kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì. Bí ẹsẹ̀ bá sì ti ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà, àyà rẹ̀ á já.