Omi Tó Jókòó Lórí Amọ̀

"Ẹ dúró ná!" ni màmá àgbà wa wí fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Màmá ká ìró wọn sókè, wọ́n sì bọ́ sínú kòtò náà.

Ìgbà ọyẹ́ ni, ètè gbogbo wa ti bó. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ló máa ń jí wa lágbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Gángan ní Èkó, ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìró ṣọ́bìrì àti òórùn ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló gba àgbàlá. Olórí ẹbí wa ló ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù kan tí ìdajì rẹ̀ máa wọnú ilẹ̀, kó lè fi háyà. Àbúrò bàbá àgbà wa tó ti kú ni. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é. Ẹnu mi ò gbà á.

Ilé amọ̀kòkò ni wọ́n bí màmá àgbà sí nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara kòtò náà látòkè délẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wo aṣọ lọ́jà.

"Ọkọ mi, ẹ wá wò ó. Ilẹ̀ dúdú ló wà lókè, yanrìn tẹ̀ lé e. Ṣé ẹ rí ibi tó ti wá dà bí eérú, tí àmì pupa wà lára rẹ̀ bí irin tó dípẹtà? Omi máa ń dúró síbẹ̀ nígbà òjò, á sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibi tó bá ń rin tó tún ń gbẹ ló ń ní irú àwọ̀ yìí."

"Omi wo? Ṣebí omi kànga wa ṣì wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún?"

"Kì í ṣe omi kànga." Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kan lu amọ̀ líle tó wà nísàlẹ̀ kòtò já. Yanrìn gbígbẹ ló bá lábẹ́ rẹ̀. "Ẹ ò rí i? Ìdí ìkòkò ni amọ̀ yìí. Bí òjò bá wọlẹ̀, orí rẹ̀ ló máa jókòó sí, kò ní lè kọjá."

Olórí ẹbí rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó lẹ jẹ́ nínú ilé yìí o. Ẹ lọ bójú tó ọbẹ̀, ẹ fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún onílẹ̀."

Mo bá màmá àgbà bu omi fọ ẹsẹ̀.

Màmá àgbà lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Abẹ́òkúta. Kí wọ́n tó dé, olórí ẹbí ti rẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ó ti kùn ún, ó sì ti fi háyà fún aránṣọ kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́. Màmá àgbà sọ ohun tí wọ́n rí fún aránṣọ náà, ṣùgbọ́n ó ti san owó ilé, kò sì níbòmíì tó máa lọ.

Òjò dé. Omi náà ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ara ògiri ló kọ́kọ́ ń làágùn, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sun láti ìsàlẹ̀. Aṣọ oníbàárà bu funfun. Ọmọ náà ń wúkọ́, àyà rẹ̀ ń súfèé bó ṣe ń mí. Màmá àgbà gbé e lọ sí yàrá tiwọn lókè, àwọn àti ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sọ́sibítù. Ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run, ara rẹ̀ yá.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ dé gan-an ni olórí ẹbí dúró láàárín àgbàlá. "Ọ̀bùn lobìnrin yìí! Omi ìfọṣọ ló ń dà sílẹ̀ tó fi ba ògiri mi jẹ́."

"Bàbá, mi ò fọṣọ níbẹ̀ rí." Aránṣọ náà ń sunkún.

Màmá àgbà mú ọ̀pá irin, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ń ṣá ògiri. Sìmẹ́ńtì jábọ́, búlọ́ọ̀kù fọ́. Gbogbo ẹbí rọ́ wá. Ilẹ̀ aláwọ̀ eérú yẹn yọjú lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú àmì pupa rẹ̀, omi ń ṣàn lára rẹ̀.

"Ṣé òun náà ló lọ da omi sẹ́yìn ògiri? Mo fi hàn yín kí ẹ tó kọ́ ọ! Ẹ rí i! Ẹ tẹ́ ọmọ ọlọ́mọ sínú omi, ẹ tún ń pe ìyá rẹ̀ lọ́bùn!"

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹbí ní ká bo àṣírí ilé. Kò sẹ́ni tó bẹ aránṣọ náà. Ó kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ sọ́nà Apọ́ngbọ̀n, a ò sì rí i mọ́.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn padà dé, olórí ẹbí tún rẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà, ó tún kùn ún. Màmá àgbà gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo ẹni tó wá wò ó ni wọ́n ń sọ fún pé, "Ẹ padà wá nígbà òjò." Títí ó fi sú olórí ẹbí, tó fi yanrìn dí ṣọ́ọ̀bù náà. Títí tí màmá àgbà fi kú làwọn kan nínú ẹbí ń sọ pé wọ́n ba oúnjẹ ilé jẹ́.

Mo ti dàgbà báyìí. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń mọ amọ̀, ìbínú màmá àgbà ni mo jogún. Bí omi bá wọlé ayálégbé kan ní Èkó yìí, tí mo gbọ́ tí wọ́n ń bi í pé kí ló dé tí kò wo ilé náà dáadáa kó tó gbà á, inú mi á ru. Ọ̀dà ara ògiri ni wọ́n fi hàn án. Ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀ ló rí ilẹ̀. Òun ni kí wọ́n lọ bi.