Ẹjọ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Gbé Lọ Sọ́dọ̀ Dókítà

Òórùn ẹja tí à ń yan ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ bọ̀rọ̀. Inú èéfín yẹn ni mo ti bú ìyá ọkọ mi. Ọ̀rẹ́ mi, má wò mí bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí n rò ó délẹ̀.

Nígbà yẹn, mò ń gba abẹ́rẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ọsibítù kan ní Ìkòròdú, nítorí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ tí wọ́n bá lára mi. Nígbà tó di oṣù mélòó kan, mo rù hangogo. Àyà mi ń lù kìkìkì, oorun ò kùn mí, òógùn ń bò mí nígbà tí àwọn yòókù ń da aṣọ bora. Mo ti pinnu nínú ara mi pé mi ò ní gba abẹ́rẹ́ náà mọ́, torí mo gbà pé òun ló fẹ́ pa mí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, à ń ká ẹja àrọ̀, à ń fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún ìrù mọ́ orí kó má baà tú lórí ààrò. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, ẹja ń fàya mọ́ mi lọ́wọ́. Màmá ní, "Ìyàwó mi, rọra." Háà! Èsì tí mo fọ̀ fún wọn, ẹnu mi ò gbọdọ̀ tún un sọ. Lójú gbogbo obìnrin tó wà nídìí ààrò! Ọkọ mi ní àfi kí ẹbí jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá ní, "Wọṣọ, à ń jáde." Ó tán, mo ní Ẹ̀pẹ́ ni, wọ́n fẹ́ lọ dá mi padà fún bàbá mi. Ẹkún ni mo sun dé ibùdókọ̀ Benson. Àfi bí a ṣe kọjá lára àwọn ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́, tí Màmá dá kẹ̀kẹ́ Màrúwá dúró, wọ́n ní ọsibítù là ń lọ.

Dókítà ò tíì jókòó dáadáa tí Màmá fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. "Ọmọ yìí bú mi lánàá. Ọdún mẹ́fà ló ti wà lọ́dọ̀ mi, kò ṣe irú ẹ̀ rí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, nǹkan ń ṣe é." Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Dókítà fọwọ́ tẹ ọrùn mi, wọ́n ní kí n na ọwọ́ síwájú, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi. Nígbà tí èsì dé, wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́ yẹn ti da ẹṣẹ́ kékeré tó wà níwájú ọrùn yín, tí à ń pè ní thyroid, rú. Òun ló ń lé àyà yín kiri, tó ń mú yín kanra. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ yín ń sàn o. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fúnra yín." Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́wọ́ ohun tó wà nínú mi. Wọ́n fún mi lóògùn, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò títí mo fi parí abẹ́rẹ́ náà. Lónìí, ara mi le, mo dúpẹ́.

Nígbà tí mo kúnlẹ̀ bẹ Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ta ló bú mi? Èmi ò mọ obìnrin yẹn rí."

Àwọn yòókù nílé ṣe tán láti dárí jì mí, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ká ní ìdáríjì nìkan ni Màmá fún mi, ǹ bá ti kú sínú rẹ̀.