Bẹ́ẹ̀dì Ṣọ́jà Méjìlá

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Thamesmead, nílùú Ọba níbí, a kì í pàdánù nǹkan. Bí olè bá jí fóònù rẹ, wàá jáde wá dúpẹ́ pé kò jí ìwọ fúnra rẹ gbé. Bí wọ́n bá lé ọ níbi iṣẹ́, wàá ní Olúwa ń ṣí ọ nípò ni. Wọ́n ní ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ̀ẹ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ gba òfò. Èmi náà mọ orin yẹn dáadáa, mo sì ń kọ ọ́ láìsí wàhálà títí dọjọ́ tí mo tọwọ́ bọ̀wé gba bẹ́ẹ̀dì ṣọ́jà.

Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mò ń ṣe ní bárékè kan ní Woolwich. Èmi ni mò ń nu ọ́fíìsì sájẹ́ǹtì tó ń tọ́jú ẹrù ológun. Nígbà tí páìpù bẹ́ nínú ilé kan ní Plumstead, tí omi lé ìdílé mẹ́ta nínú ìjọ wa síta, Mummy, olórí ìjọ wa, ní kí wọ́n wá máa sùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn tutù bí inú fíríìjì. Mo sọ ọ́ fún sájẹ́ǹtì, ó sì yá wa ní bẹ́ẹ̀dì méjìlá tó ṣeé ká, àti búláńkẹ́ẹ̀tì wọn. Orúkọ mi ló kọ sínú ìwé. Mi ò ka ìwé náà dópin. Oore ni mò ń ṣe, ta ní ń ka ìwé oore?

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sàn-án Sátidé. Ìdọ̀tí inú kòtò ru sókè, ó kún ṣọ́ọ̀ṣì dé orúnkún. Omi tó lé wọn kúrò nílé wá bá wọn nílé Ọlọ́run. Àwọn ará kánsù wọ bùùtù wá, wọ́n ní ohunkóhun tí omi yẹn bá ti kàn ti di ohun àrùn, wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀, títí kan bẹ́ẹ̀dì àti búláńkẹ́ẹ̀tì ṣọ́jà, dà sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sí ààtàn.

Bí wọ́n bá ní mo fi ẹrù Ọba ṣeré, wọ́n á gba káàdì tí mo fi ń wọ bárékè lọ́wọ́ mi, iṣẹ́ tán nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ sọ fún sájẹ́ǹtì, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní òfin wà fún irú èyí: bí àjálù bá ba ẹrù ológun jẹ́, tí kì í ṣe ìwà àìbìkítà ẹni tó yá a, ìjọba á tú ẹni náà sílẹ̀, kò ní bi í léèrè mọ́. Òun á kàn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwa á sọ ohun tó ṣòfò, òun á kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé kékeré nìyẹn.

Ó wá lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a ti fọ ṣọ́ọ̀ṣì tán, lẹ́yìn ìsìn. Ó bọ́ bùùtù sẹ́nu ọ̀nà bí a ti ní kó ṣe, ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn wọlé, ó jókòó sórí àga oníke, ó sì bi Mummy pé kí ni ìjọ pàdánù.

Mummy rẹ́rìn-ín músẹ́. "Officer, we thank God o. A ò lose nǹkan kan. Nothing missing, nothing broken."

Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Sájẹ́ǹtì wò mí. Ó ní bí nǹkan kan kò bá sọnù, kí n yáa kó bẹ́ẹ̀dì òun wá lọ́jọ́ Ajé. Mo tẹ̀ sí Mummy létí, mo bẹ̀ wọ́n pé iṣẹ́ mi ló fẹ́ lọ yìí. Wọ́n ní kí n má fi ẹnu mi ṣílẹ̀kùn fún èṣù, Ọlọ́run á dá ohun gbogbo padà. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo Ọlọ́run níbi tó ti ń tú ààtàn kánsù wá bẹ́ẹ̀dì ṣọ́jà. Inú bí mi gan-an ni, mo bá dìde.

"Ó sọnù," ni mo wí. "Bẹ́ẹ̀dì méjèèjìlá, gbogbo búláńkẹ́ẹ̀tì. Omi ti bà wọ́n jẹ́ pátá."

Àmín kankan kò jáde. Mo mọ̀ pé ààwẹ̀ ìrònúpìwàdà ọjọ́ mẹ́ta ni mo fà sọ́rùn ara mi yẹn. Mo tún un sọ lédè Òyìnbó, sájẹ́ǹtì kọ ọ́, mo fọwọ́ sí i, ó sì ní ó parí, mo ti bọ́. Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń balẹ̀ nígbà tí arábìnrin kan dìde lẹ́yìn. Ọ̀kan nínú àwọn tí omi lé ní Plumstead ni. Kò pẹ́ tó ti ilé dé ìlú Ọba, Òyìnbó kò tíì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Láti ọjọ́ tí ilé rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sí ìsìn kan tí kò jáde wá jó, kó dúpẹ́ pé òun ò pàdánù nǹkan kan.

"Auntie, ẹ bá mi sọ fún un kó kọ tèmi náà," ló wí. "Báàgì mi wà lára ohun tí kánsù kó lọ. Fótò màmá mi wà nínú ẹ̀. Mi ò ní òmíì."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Sájẹ́ǹtì wo iwájú ìwé náà, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ojú tì í. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kó má bínú, ẹrù ológun nìkan ni ìwé yẹn wà fún.

Arábìnrin náà yíjú sí mi, ó ń dúró kí n túmọ̀ rẹ̀.