Ọmọ Oṣù Méje tí Mo Tú Ahọ́n Rẹ̀ Sílẹ̀

Ọjọ́ tí wọ́n wá pè mí sílé Sáláù oníṣu, orí ọkùnrin kan ni mo ń fá lọ́wọ́ ní ọjà Ìpàtà, mo sì ti fá a dé ìdajì. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo lọ. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ló fi rìn káàkiri Ìlọrin pẹ̀lú ìdajì irun, ó ní òun kò ní í gbà kí onígbàjámọ̀ mìíràn parí ohun tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, ìyẹn kù sí i lọ́wọ́.

Nígbà náà, àwọn òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àjẹ́lẹ̀ wọn kalẹ̀ láàárín wa ni. Dókítà wọn ń bẹ, àmọ́ àwọn sójà ló wà fún, a sì gbọ́ pé ẹsẹ̀ ló fẹ́ràn láti máa gé. Àwa onígbàjámọ̀ ni dókítà ará ìlú. À ń fá orí, à ń kọ ọmọkùnrin nílà, à ń fi ìwo fa ẹ̀jẹ̀ dúdú jáde lẹ́yìn àgbàlagbà. Èmi tiẹ̀ ka kéwú dé ìdajì, mo ka ìwé òyìnbó dé ìdajì. Mo gbà pé ìdajì méjì ti di odidi.

Ràmátù, ìyàwó Sáláù, ló bímọ ní oṣù méje. Ọkùnrin ni, ó sì kéré débi pé alángbá ara ògiri ń wò ó bí ojúgbà. Inú igbá tí wọ́n tẹ́ òwú sí ni wọ́n gbé e sí, ìkòkò ẹyin iná wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọjọ́ kẹta, kò tíì lè fa ọyàn. Mo la ẹnu rẹ̀ wò, mo sì rí ọ̀ràn náà: iṣan tín-ín-rín kan ló de ahọ́n rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹnu.

Ìyá Sáláù, arúgbó kúkurú kan tí ojú rẹ̀ kì í ṣẹ́, bi mí pé, "Búráímọ̀, ǹjẹ́ o ti gé irú èyí fún ọmọ oṣù méje rí?"

"Ìyá, mélòó ni kí n kà fún yín?"

Mo yára fa abẹ yọ, torí bó bá ní kí n kà á, n kò ní í rí ẹyọ kan kà.

Mo ṣe Bísímílááì, mo fi ṣóńṣó abẹ kan iṣan náà. Ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò tó èyí tí ẹ̀fọn ń mu. Ọmọ náà ké bí òròmọdìẹ. Mo wá nàka sókè, mo sọ ohun tí à ń sọ nígbà gbogbo fún ìyá ọmọ tí a bá kọ nílà: "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ojú egbò yìí títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ."

Mo yíjú, n kò rí àpò iṣẹ́ mi mọ́.

"Ó wà lórí àjà," ni Ìyá Sáláù wí. "Ọjọ́ tí ọmọ mi bá mu ọyàn ni wàá gbà á. Ìwọ tó ti ṣe é fún ọ̀pọ̀, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù?"

Bí èmi ọ̀gá onígbàjámọ̀ ṣe di olùtọ́jú ọmọ nìyẹn. Bí mo bá kírun àsùbáà tán nílé, mo ti gba ilé Sáláù lọ. Ràmátù á fún omi ọyàn sínú àwo, èmi á lọ́ òwú bíi ti àtùpà, màá rì í bọ̀ ọ́, màá kán an sí ọmọ lẹ́nu. Ẹ̀kán kan, kó gbé e mì, ẹ̀kán mìíràn. Tí kò bá jẹun, Ràmátù á fi ọ̀já de é mọ́ àyà, awọ kan awọ, kí òtútù má baà mú un.

Lọ́jọ́ kejì mo kánjú, mo kán ẹ̀kán mẹ́ta pọ̀. Ọmọ dákẹ́. Ètè rẹ̀ dúdú. Ràmátù já a gbà lọ́wọ́ mi, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ń gbá a lẹ́yìn jẹ́jẹ́ títí tó fi ké. Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Láti ìgbà yẹn, mo ń ka Fátíhà tán láàárín ẹ̀kán kan sí èkejì. Alùfáà tó lé mi kúrò nílé kéwú ì bá rí mi, ì bá sunkún ayọ̀.

Sáláù a máa yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Onígbàjámọ̀, ṣé yóò yè?"

"Yóò yè, Ọlọ́run ń bẹ."

Ohùn mi le, àmọ́ n kò gbé ojú kúrò lára òwú.

Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Ràmátù gbé ọmọ sí ọyàn gẹ́gẹ́ bó ti ń dán an wò lójoojúmọ́. Ọmọ náà gbé ahọ́n rẹ̀ sókè, ó fi gbá orí ọyàn mú, ó fà á. A gbọ́ ọ. Ó tún fà á. Omijé Ràmátù ń kán sí i lórí, kò sì nù ún.

Èmi wá tún àgbádá mi ṣe. "Ẹ rí i? Mo ní kí ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Ìyá Sáláù gbé àpò iṣẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ láti orí àjà, ó fà mí lọ sẹ́yìnkùlé.

"Ta ló sọ fún ọ pé a ò fọwọ́ kàn án? Ọjọ́ kejì tí o gé e ni mo rí i pé ó ti ń lẹ̀ mọ́ra padà. Láràárọ̀ kí o tó dé, mo ń fi òrí sí ìka, mo ń fi fa abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Bó bá jẹ́ tìrẹ la tẹ̀lé, ọ̀la là bá tún máa gé e, bó bá ṣì wà láyé."

"Ìyá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"O ní o ti ṣe é fún ọ̀pọ̀. Mo ní bóyá wàá rántí."

Lọ́jọ́ kejì, níwájú àwọn alùfáà, wọ́n ní kí n fá irun ọmọ gẹ́gẹ́ bí àṣà. Mo kọ́kọ́ wo Ìyá Sáláù. Ó mi orí pé rárá. Mo bá gbé ohùn ńlá jáde pé irun náà ni fìlà rẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró títí yóò fi lágbára. Gbogbo wọn ní ọgbọ́n mi pọ̀.

Ọmọ náà dàgbà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀ wá bi mí bóyá mo lè bá òun so ahọ́n náà padà. Àwọn ìyá sì ń gbé ọmọ wá bá mi láti ọ̀nà jíjìn. Bí mo bá gé e tán, màá ní, "Ẹ fi òrí sí ìka, kí ẹ máa fi fa abẹ́ ahọ́n rẹ̀ láràárọ̀." Wọ́n á bi mí pé ta ló kọ́ mi. Màá ní ọ̀gá mi ni. Wọ́n á ṣe àdúà fún un, kí Ọlọ́run fi àlùjánnà ta á lọ́rẹ. Èmi á ṣe àmín sókè ketekete, n kò sì ní í sọ fún wọn pé obìnrin ni ọ̀gá náà, tí kò fọwọ́ kan abẹ rí láyé rẹ̀.