Adìẹ Bàbá Ládòkun

Bí wọ́n bá dárúkọ Bàbá Ládòkun, oníṣègùn tó ń to eegun ní Ṣakí, ọ̀rọ̀ adìẹ Jẹ́ẹ́dé ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ máa ń sọ. Jẹ́ẹ́dé já bọ́ lórí igi irúgbá, ojúgun rẹ̀ kán. Bàbá tò ó, ó fi igi pẹlẹbẹ dì í, ó sì ṣe bí àwọn tó ń to eegun ti máa ń ṣe: ó ṣẹ́ adìẹ kan lẹ́sẹ̀, ó tò ó, ó dì í bákan náà. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni Jẹ́ẹ́dé náà yóò dìde. Nígbà tí Bàbá padà wá wò wọ́n, kò bá adìẹ.

“Fàtímọ̀, adìẹ dà?” ni ó bi ìyàwó Jẹ́ẹ́dé.

“Ẹ má bínú, Bàbá. Ọkọ àbúrò mi ló dé láti Kìsí lójijì, kò sì sí ẹran nílé.”

“O ti se ẹsẹ̀ ọkọ rẹ lọ́bẹ̀!” Bàbá yíjú sí àlejò tó ń nu ẹnu. “Ta ló jẹ itan rẹ̀?”

Àlejò ní òun ni.

“Ó dáa. Ìwọ lo jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwọ lo máa fi tìrẹ lọ sóko Jẹ́ẹ́dé.”

Ràsáàkì, ọmọ iṣẹ́ Bàbá, ló lọ gbé ọkọ́ wá. Bàbá ṣẹ́ adìẹ mìíràn lẹ́sẹ̀, ará Kìsí náà sì kọ ebè iṣu títí adìẹ kejì náà fi rìn.

Kò sí ẹni tí Bàbá tọ́jú tí kò bú. Olúsọjí ọdẹ, tí ẹsẹ̀ òun náà kán, fọ́nnu pé ẹni tó pa ẹfọ̀n kò lè máa retí adìẹ. Bàbá ní, “Ó dáa, dìde.” Olúsọjí dìde, ó ṣubú, ó ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú tipẹ́. Bàbá ní, “Adìẹ gbọ́n jù ọ́ lọ. Òun jókòó.”

Èébú ni Ràsáàkì fi kọ́ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n di ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ obì, Bàbá kò tíì dákẹ́ èébú. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé inú ṣì ń bí Ràsáàkì sí i títí dòní.

Lọ́dún tí àjàkálẹ̀ ibà tí wọ́n ń pè ní lúkúlúkú jà, Bàbá yọ̀ ṣubú lórí àpáta, ojúgun tirẹ̀ náà kán. Ràsáàkì tò ó, ó dì í, ó ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀. “Ẹ jókòó o, Bàbá.” Bàbá ní òun gbọ́.

Ìgbà tí Ràsáàkì padà dé, igi àti okùn ló bá lórí ẹní. Bàbá ti tú ara rẹ̀, ó ń fi ọ̀pá tiro láti ilé dé ilé, ó ń fún àwọn tí ibà dá dùbúlẹ̀ ní àgbo.

“Bàbá! Adìẹ kò tíì rìn!”

“Ṣé adìẹ ló máa bu omi fún wọn mu ni? Gba ìkòkò yìí lọ́wọ́ mi, ọ̀dẹ̀!”

Kò pẹ́ tí ibà náà fi mú òun pàápàá. Ó sì pa á.

Ràsáàkì kò sunkún. Ó bínú. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ bú àwọn tí kò lè dúró de adìẹ, òun náà kò lè dúró!

Níbi sàráà ọjọ́ kẹjọ òkú Bàbá, Ìyápọ̀, àbúrò olóògbé, gbé adìẹ náà jáde lábẹ́ agbọ̀n. “Ẹ fi èyí kún ọbẹ̀. Ẹni tó ń retí rẹ̀ ti lọ.”

Ràsáàkì já a gbà. “Ẹ fẹ́ jẹ ẹsẹ̀ Bàbá mi?”

Jẹ́ẹ́dé tó dúró ṣánṣán lẹ́nu ọ̀nà ló ní, “Ìyápọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ o. Ẹni tó bá jẹ itan rẹ̀ ló máa kọ ebè.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn kan kò sì rí omi ojú náà dá dúró mọ́.

Nígbà tí àkókò tó, Ràsáàkì tú ẹsẹ̀ adìẹ náà. Adìẹ dúró, ó tiro díẹ̀, ó rìn lọ sẹ́nu yàrá Bàbá, níbi tí wọ́n ti máa ń da ọkà bàbà sílẹ̀ fún un. Ràsáàkì tẹ̀ lé e. Yàrá ṣófo.

“Ẹ wò ó, ó ti rìn,” ni ó fi ìbínú sọ. “Bàbá, ó ti rìn. Ẹ dìde.”