Gẹ̀ẹ́sì Inú Ìgò Oògùn Koríko

Mo rántí ìgbà tí òyìnbó mẹ́ta gbéra láti ìlú London, tí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú, tí wọ́n gun alùpùpù láti Bassila wá sí Manigri, ìlú wa ní ilẹ̀ Benin, kí èmi lè bá wọn tún Gẹ̀ẹ́sì ẹnu wọn ṣe. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn sunkún nígbà tí mo sọ fún un pé bó ṣe ń kí ènìyàn kò dára tó. Mo fún wọn ní iṣu jẹ, mo là wọ́n lọ́yẹ̀, wọ́n sì ń dúpẹ́ títí wọ́n fi padà sílé.

Irọ́ ni, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀bá títì, àwọn àgbà a máa rẹ́rìn-ín, àwọn ọmọdé a sì lanu sílẹ̀. Ohun tó gbé ìtàn náà dúró ni pé mo ti gbé Nàìjíríà rí lóòótọ́. Ọdún méje ni mo fi kọ ebè nítòsí Ṣakí. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹni tó bá ti ti Nàìjíríà bọ̀ ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ẹnìkan kì í tún bi í léèrè. Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé láti ọjọ́ tí mo dé Ṣakí títí di ọjọ́ tí mo kúrò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bá mi sọ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni wọ́n ń sọ lóko, Yorùbá ni wọ́n ń sọ lọ́jà, Yorùbá náà ni ọlọ́pàá fi bú mi ní ẹnubodè. Ahọ́n tí mo gbé lọ ni mo gbé bọ̀.

Ọdún tí mo ń wí yìí kò tíì jìnnà, nítorí àwọn ọmọ ti ń gbé fóònù kiri nígbà náà. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ilé ẹ̀kọ́ kan ládùúgbò wa lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ nígbà ọyẹ́, kò sì padà wá mọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kọ̀wé, kò gbọ́ èsì. Bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ kíláàsì tó ń lọ ṣe BEPC, ìdánwò tí a fi ń parí ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì, ń dúró. Àánú wọn ṣe mí. Wọ́n ń sọ èdè wa nílé, wọ́n ń gbọ́ èdè mìíràn ní ọjà Bassila, wọ́n ń làágùn lórí Faransé ní kíláàsì, wọ́n wá tún gbé ẹ̀kẹrin lé wọn lórí. Ìwé kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń pín kà, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti já. Bí wọ́n ṣe ń pe lẹ́tà Faransé ni wọ́n ṣe ń pe ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá sì dán an wò láti sọ ọ́, àwọn yòókù a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí yóò fi pa ẹnu dé.

Ọmọ ọmọbìnrin mi wà nínú wọn. Bàbá rẹ̀ ti kú. “Ìyàwó mi” ni mò ń pè é, “ọkọ mi arúgbó” ni òun náà ń pè mí. Agbẹ̀bí ló fẹ́ dà. Ṣùgbọ́n àbúrò bàbá rẹ̀, tó ń bọ́ òun àti ìyá rẹ̀, ti sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wa pé: “Bó bá yege, kó máa lọ sí Bassila lọ ka ìyókù. Bí kò bá yege, oko mi ní Doguè ni, kó lọ máa se oúnjẹ fún àwọn alágbàṣe mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni yóò ṣe é.”

Ni àwọn òbí bá tọ̀ mí wá lábẹ́ máńgòrò. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ́ òyìnbó, ẹ ò wá ní kọ́ ọmọ tiwa?” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí n ti sọ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kékeré dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ẹ̀kọ gbígbóná. Àwọn àgbà ní ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Mo ní, “Kí wọ́n máa bọ̀ lọ́sàn-án Wẹ́sìdeè, kí wọ́n mú ìwé àti bírò.”

Kíláàsì kẹta ni mo wà tí bàbá mi fi fà mí lọ sóko, nítorí náà mo mọ lẹ́tà í dà kọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo gbọ́ tí àwọn sójà ẹnubodè fi ń lé àwọn awakọ̀ ni mo kọ́ wọn, ó sì tán. Mo délé, mo tú gbogbo yàrá láti wá ohunkóhun tó ti Nàìjíríà wá tí ìwé wà lára rẹ̀. Ìgò oògùn koríko ni mo rí, èyí tí a fi ń pa koríko nínú oko kajú. Ọ̀rọ̀ kún ara rẹ̀ bíi kòkòrò. Mo dà á kọ sára pátákó, ìlà kan lọ́sẹ̀ kan, mo ń pè é bó ṣe wù mí, àwọn ọmọ sì ń gbè é. Ohùn wọn dùn débi pé àwọn tó ń kọjá lórí títì ń dúró, àwọn ìyá ń nu ojú.

Ọjọ́ kan ni ìyàwó mi nawọ́: “Bàbá, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?”

Mo ní, “Lẹ́tà ni. Àgbẹ̀ kan ló kọ ọ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó kí i, ó ní iṣu ta dáadáa, ó ní kó wá bá òun jẹ iṣu tuntun.” Kò ṣòro fún mi rárá. Irọ́ a máa yọ̀ lẹ́nu mi bí ilá.

Bassila ni wọ́n ti ṣe ìdánwò. Èmi ni mo fi alùpùpù gbé e lọ, mo sì dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó sáré jáde. “Ọkọ mi arúgbó! Lẹ́tà ni wọ́n ní ká kọ! Sí ọ̀rẹ́! Mo kọ gbogbo rẹ̀, n kò fo ìlà kan!” Ọ̀dọ́mọkùnrin olùkọ́ kan ń mu omi nítòsí, ni ọmọ náà bá yíjú sí i: “Músíè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ wò.” Ó kà á jáde bí ẹni ń ka kéwú. Olùkọ́ náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní kó tún ìlà àkọ́kọ́ kà, ó sì gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, “Àbúrò, ọ̀rọ̀ májèlé lèyí. Ó ní kí wọ́n gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní dé. Ó ní ẹni tó bá gbé e mì, kí wọ́n tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?”

Ọmọ náà wò mí. Ewúrẹ́ kan ń jẹ ọ̀rá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, òun ni mo tẹjú mọ́.

Ó ní, “A ò ní olùkọ́, músíè.”

Bí a ṣe ń padà lọ sílé, irin ẹ̀yìn alùpùpù ló dì mú, kò di mí mú. Èmi tí mo ní ìtàn fún gbogbo igi tó wà lọ́nà yẹn, n kò rí ọ̀kan sọ.

Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tó yege, tirẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ kò pariwo, ó kàn ní kí ìyá rẹ̀ di ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù náà kò yege. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé kò sí òbí kan tó bú mi. Àwọn ọmọ ni wọ́n bú. Wọ́n ní ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ ìwé, ẹ wo bí bàbá yìí ṣe fi ara ṣe é. Wọ́n gbé iṣu wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbà á. Mo jẹ ẹ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá tèmi, ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló mú.

Ní ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ náà wá kí mi láti Doguè, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó jókòó tì mí, ó gbá mi lọ́wọ́ mú, ó ní, “Ọkọ mi arúgbó, ẹ máa sùn dáadáa. A ò ní olùkọ́ kẹ́ ẹ tó dé, a ò sì ní in lẹ́yìn yín. Kì í ṣe ẹ̀yin.” A jọ sunkún, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

Irọ́ ni ìbẹ̀wò yẹn náà, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti lọ sí Doguè, kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́. Èmi ni mo lọ sí Doguè lẹ́ẹ̀kan. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó bu omi fún mi, ó sì padà sídìí ààrò rẹ̀.