Ọwọ́ Òsì Bọ̀ọ̀dá

Bọ́ọ̀lù tí mo kọ́kọ́ hán láyé mi, èso kòkó ni. Kòkó tútù tí wọn kò tíì là, tó wúwo, tí ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mo ń gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Oǹdó. Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, ló máa ń jù ú sí mi lẹ́yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́, bí a bá ti fọ abọ́ tán. "La ọwọ́ rẹ," ni ó máa ń wí, "má lé e, jẹ́ kó bá ọ nílé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lè má mọ eré tí wọ́n ń pè ní rọ́gíbì. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ gùn bíi kòkó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré. Irú èyí tí Bọ̀ọ̀dá gbá, ènìyàn mẹ́tàlá ló wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ jù ú síwájú. Ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ni yóò jù ú sí. Ìlú Ọba tó lọ ṣiṣẹ́ ló ti kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n débi pé ẹgbẹ́ ńlá kan mú un. Ọdún mẹ́fà ló fi gbá a kó tó gbé apá ọ̀tún tó ti rọ padà wálé.

Ìyá àgbà mọ̀ pé méjì dì í mú lápá ọ̀tún nínú eré kí èjìká rẹ̀ tó fọ́, ṣùgbọ́n ó rò pé ìjàǹbá lásán ni. Èmi nìkan ni Bọ̀ọ̀dá sọ òótọ́ fún. Lọ́jọ́ náà, àwọn méjì ti dì í mú láti ọ̀tún, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ wọn, tó jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí, sì ń sáré bọ̀ lápá òsì. Kó ṣáà nà án sí i ni. Ọwọ́ òsì kọ̀. Ó ń já ọwọ́ ọ̀tún gbà kó lè fi fún àgbà, ni ẹnì kẹta bá kọlù ú, egungun èjìká fọ́. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́. "Ṣùgbọ́n má sọ fún Màmá o."

Apá ọ̀tún náà kò gbéra mọ́. Òsì ló fi ń ṣe ohun gbogbo, ìyá àgbà kò sì ní gba nǹkan lọ́wọ́ òsì ọmọ, ohun yòówù kó ṣe ọmọ náà. Bí Bọ̀ọ̀dá bá bu omi fún un, orí àpótí ni yóò gbé e sí, yóò fà sẹ́yìn, kí ìyá tó mú un. Wọn kì í jà, wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí ojú rẹ̀ bó bá ti ń fà sẹ́yìn. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ohun kan ṣoṣo lòun ń wá: kí ìyá òun gba nǹkan lọ́wọ́ òun lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó lọ.

Nígbà tó yá, ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ó kó àwọn ọmọkùnrin ilé ẹ̀kọ́ girama jọ sí pápá kan. Kòkó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, kí bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tó mú bọ̀ má baà tètè bẹ́, ni àwọn aládùúgbò bá sọ ọ́ ní Kóòṣì Kòkó. Ohun tó fún un ní wàhálà jù ni pé àwọn ọmọ náà kò jẹ́ fi òsì na bọ́ọ̀lù sí ẹni tó jù wọ́n lọ. Ọ̀kan tiẹ̀ nà án tán, ló bá dúró láàárín eré, ó tẹrí ba: "Ẹ má bínú sà, ọwọ́ òsì ni o."

"Ẹni tó bá bẹ̀bẹ̀ nínú pápá mi," ni Bọ̀ọ̀dá kígbe, "yóò sáré yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta!"

Kò pẹ́ tí obìnrin kan ládùúgbò fi wá bá ìyá àgbà. "Màmá, ọmọ yín ń bá wa ba àwọn ọmọ wa jẹ́ o. Tèmi fi òsì gbé ọbẹ̀ fún bàbá rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ní kóòṣì ló kọ́ òun!" Ìyá àgbà dìde. Ó wé gèlè, ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

A jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Eré ìdánrawò ni wọ́n ń ṣe lọ́jọ́ náà, bọ́ọ̀lù gidi ni wọ́n gbé jáde. Ọmọkùnrin kékeré kan gbé e, méjì dì í mú láti ọ̀tún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ló ń bọ̀ lápá òsì. Ọmọ náà kò já ọwọ́ kankan gbà, kò bẹ̀bẹ̀. Ó fi òsì nà án, ẹ̀gbọ́n gbà á, ó sì sáré dé òpin pápá. Ọmọ dìde, ó gbọn eruku ṣòkòtò rẹ̀.

Ìyá àgbà ranjú mọ́ ọmọ náà títí. Ó wá pe Bọ̀ọ̀dá.

"Ṣé ohun tó yẹ kí ìwọ náà ṣe lọ́jọ́ tí èjìká rẹ fọ́ nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Kí ló dé tí o ò ṣe é?"

Bọ̀ọ̀dá wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni mo rántí."

Ìyá àgbà wo apá ọ̀tún ọmọ rẹ̀ tó ti rọ. "Òùngbẹ ń gbẹ mí," ló wí. Bọ̀ọ̀dá bu omi wá, ó ń wo ilẹ̀ kiri, ó ń wá ibi tí yóò gbé e sí. Ìyá àgbà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó gba ife náà lọ́wọ́ òsì ọmọ rẹ̀. Ó mu ún tán, kò ṣẹ́ ẹ kù.

Àwọn méjèèjì ti lọ. Àkúrẹ́ ni mo ń gbé báyìí. Bí mo bá ń ti àdúgbò Alágbàká bọ̀, mo máa ń rí àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbá rọ́gíbì, ọkùnrin àti obìnrin, bọ́ọ̀lù gidi lọ́wọ́ wọn. Tọ̀tún tòsì ni wọ́n fi ń jù ú, ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀bẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ì bá wù mí kí èmi náà ti sáré nígbà tèmi.

Nínú ilé àti lọ́jà, àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa fi òsì na nǹkan sí mi, fóònù wà ní ọ̀tún. N kì í bá wọn wí. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi ń gbà á. Ṣùgbọ́n kí n tó gbà á, mo máa ń dúró díẹ̀, bóyá ọ̀kan nínú wọn á wo ilẹ̀ kiri, á máa wá ibi tí yóò gbé e sí.